Ewì Márùn-ún Ìdí Ìkòkò Ọṣẹ

"Bí mo ṣe ń sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ni kó o kọ ọ́. Má fo ọ̀kankan o." Ìyá àgbà tún ti igi gígùn bọ ìkòkò, èéfín gbà á lójú. Omi eérú èèpo kòkó ń hó, òórùn àdí gba gbogbo àgbàlá wa ní Adabraka nílùú Àkíráà. Èmi jókòó sórí àpótí, ìwé ilé-ẹ̀kọ́ mi wà lórí itan, mo sì ń gbàdúrà kó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

Ìyá ìyá mi ni, ọṣẹ dúdú ló ń sè tà. Ewì márùn-ún tó tẹ̀ léra ló máa ń ké bó ṣe ń rò ó. Àkọ́kọ́ sọ bí ìdílé wọn ṣe kúrò nílé lẹ́bàá Ọ̀yọ́, èkejì sọ ti odò tí wọ́n sọdá, ẹ̀kẹta sọ ti ọjọ́ tí wọ́n wọ Àkíráà. Ìyá rẹ̀ ló kó mẹ́ta wọ̀nyẹn jọ. Òun fúnra rẹ̀ fi ẹ̀kẹrin kún un nígbà tó relé ọkọ, ó fi ẹ̀karùn-ún kún un nígbà tó sin àkọ́bí rẹ̀. Bó bá ti da àdí sínú omi eérú, á bẹ̀rẹ̀ àkọ́kọ́. Tí ẹ̀karùn-ún bá parí, ọṣẹ jinná nìyẹn. Kò ní aago, kò sì wá a. Àmọ́ tó bá jókòó lásán, tí kò sí ìkòkò níwájú rẹ̀, kì í rántí ju ìlà méjì lọ.

Lọ́dún yẹn ni ọṣẹ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ jù. Ó ti ń fo ìlà láìmọ̀, ó sì ń sọ ìkòkò kalẹ̀ kó tó tó àkókò. Ẹ̀rù bà á. Kò mọ̀wé, èmi nìkan ni ọmọ ilé tó ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́.

"Tó o bá kọ márùn-ún yìí tán, ìwọ lo máa fi ẹ̀kẹfà kún un," ló wí fún mi.

Orílẹ̀-èdè náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira nígbà náà, wọ́n ti ta àsíá tuntun, ó sì wù mí kí n dà bí àwọn ẹgbẹ́ mi. Ẹ̀yìn ọgbà wa ni wọ́n ń gbà lọ sílé. Bí wọ́n bá ti gbọ́ ohùn ìyá àgbà, wọ́n á kígbe, "Alata samina! Alata samina!" Orúkọ tí gbogbo ìlú ń pe ọṣẹ wa náà nìyẹn, ọṣẹ àwọn Aláta, ìyẹn àwa Yorùbá, ṣùgbọ́n lẹ́nu wọn, èébú ni. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì.

Nítorí náà, n kò kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni mo ń kọ, lédè Gẹ̀ẹ́sì, ní ṣókí: wọ́n fi ilé sílẹ̀, wọ́n sọdá odò, obìnrin kan sunkún. Ìlà mẹ́rin fún ewì kan. Mo fẹ́ tètè parí kí n sá wọlé.

"Ó yá, kà á fún mi."

Mo ṣí ìwé, mo sì ka ìlà kan tó ṣì wà létí mi: "Ilé tí mo fi sílẹ̀, má ti ilẹ̀kùn, ẹsẹ̀ mi ò tíì dúró." Mo ṣí ojú ewé mìíràn, mo ń kùn wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni tó ń kà á. Ó nu ọwọ́ sára ìró, ó gba ìwé náà, ó gbé e mọ́ àyà.

"Ara mi fúyẹ́ wàyí," ló wí.

Láti ọjọ́ náà, kò ké ewì nídìí ìkòkò mọ́. Ó ra aago.

Nígbà tó kú, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin wá láti àdúgbò Kokomlemle, ó yọ ìwé náà jáde nínú aṣọ funfun tí ìyá àgbà fi wé e, níwájú gbogbo ẹbí. "Ọmọ dáadáa, kà á fún wa. Ó ní ọwọ́ rẹ ni gbogbo ẹ̀ wà." Mo ka ìlà kan yẹn, mo ṣí ojú ewé, Gẹ̀ẹ́sì mi nìkan ló wà níbẹ̀. Ẹkún gbà mí. Wọ́n rò pé ọ̀fọ̀ ni. "Pẹ̀lẹ́, ìyá mi, ó tó bẹ́ẹ̀," ni bàbá náà ń wí, ó ń fọwọ́ pa mí lẹ́yìn. Mo gba ìtùnú tí kò tọ́ sí mi, n kò sì jẹ́wọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ìgbà tí mo di olùkọ́ ni mo kà nípa àwọn ará Gíríìkì àtijọ́. Wọ́n ní ọ̀wọ́ ewì gígùn lórí ogun ńlá kan, ibi tí ọ̀kan bá parí sí ni òmíràn ti ń bẹ̀rẹ̀. Méjì péré ló kù lódindi. Nínú àwọn yòókù, àkọsílẹ̀ ṣókí tí ẹnì kan ṣe nípa ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú wọn ló pọ̀ jù nínú ohun tó kù. Ẹni tó kọ ìwé tí mo ń kà ń dúpẹ́ lọ́wọ́ onítọ̀hún. Mo pa ìwé dé, ojú ń tì mí níwájú tábìlì bí ẹni tí wọ́n ká mọ́.

Ìwé ilé-ẹ̀kọ́ yẹn wà lọ́dọ̀ mi títí di òní, òórùn àdí kò tíì tán lára rẹ̀. Mo mọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ewì márààrún. Ohun tí ìyá àgbà sọ ni n kò mọ̀, àfi ìlà kan ṣoṣo, níbi tó ti ń bẹ ilé pé kó má ti ilẹ̀kùn.