Ohun tí Albert Sàlàkọ́ Kọ́ ní Abẹ́òkúta

Kí Albert Sàlàkọ́ tó di ẹni tí ń tọ́jú yàrá sáyẹ́ǹsì, iṣẹ́ télọ̀ ló kọ́. Ọdún mẹ́fà gbáko ló fi sin ọ̀gá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Mẹ́ta nínú ọdún mẹ́fà náà, ilẹ̀ ló ń gbá, èédú ló ń fẹ́ sínú áyọ́ọ̀nù, ọmọ ọ̀gá ló ń pọ̀n kiri bí ìyá ọmọ. Ọ̀gá kì í gé aṣọ lójú rẹ̀. Bí ó bá ti fẹ́ gé kóòtù, yóò ní, "Albert, lọ bá mi wo ẹni tó ń bọ̀ lóde." Kò sí ẹni tó ń bọ̀. Kí Albert tó padà wọlé, àlùmọ́gàjí ti parí iṣẹ́ rẹ̀. Ó di ọdún karùn-ún kí ọ̀gá tó fi bí a ti ń gé aṣọ hàn án, ìyẹn náà lẹ́yìn tí bàbá Albert ti gbé ọtí àti àkùkọ adìyẹ wá bẹ̀bẹ̀.

Albert kò bínú sí i. Ohun tó rí dì mú nínú rẹ̀ ni pé ẹni tó bá tètè kọ́ ọmọọṣẹ́ tán ni yóò tètè máa wá oníbàárà tì. Ó gbà á gbọ́ bí ó ti gba kátíkísìmù gbọ́.

Nígbà tí aṣọ òkìríkà gba ọjà mọ́ télọ̀ lọ́wọ́, Albert lọ gba iṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní ìgboro. Ìgò ló kọ́kọ́ ń fọ̀. Nígbà tó yá, ó ń bá àwọn tíṣà to nǹkan sílẹ̀ fún ìdánwò. Bí ó ti ń wò wọ́n ló ń mọ̀ ọ́n, títí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ fi sọ ọ́ ní Bàbá Láàbù. Ọdún méjìdínlógún ló ti lò níbẹ̀ nígbà tí lẹ́tà dé ní ọdún 1983 pé kí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan fi ẹnì kan ránṣẹ́ sí Abẹ́òkúta fún kọ́ọ̀sì ọlọ́sẹ̀ mẹ́ta. Òun ni wọ́n rán.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà dùn mọ́ ọn. Wọ́n fún wọn ní ìwé tí a fi ẹ̀rọ tẹ̀. Wọ́n kọ́ wọn bí a ti ń gbé ásíìdì, ibi tí a ń kó o sí, ohun tí a kò gbọ́dọ̀ pò pọ̀, àti ohun tí a ń ṣe bí ó bá ta sí ènìyàn lára. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ni Albert ti ń ṣe láìmọ ìdí tí òun fi ń ṣe é. Ní ọjọ́ ìparí, wọ́n fún wọn ní sátífíkéètì. Ọkùnrin tó darí kọ́ọ̀sì náà dìde, ó ní, "Ẹ̀yin méjìdínlógójì lẹ jókòó síwájú mi, àmọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ yín tí kò ráyè wá pọ̀ jù yín lọ. Ẹ̀yin lẹ ó kọ́ wọn." Ó pín fọ́ọ̀mù fún wọn. Láàárín táàmù méjì, kí oníkálukú kọ orúkọ ẹni tó kọ́ síbẹ̀, kí pírínsípà rẹ̀ fọwọ́ sí i, kí ó sì dá a padà.

Albert gbé sátífíkéètì kọ́ ògiri pálọ̀. Ó kó ìwé kọ́ọ̀sì sínú dúrọ́ọ̀ láàbù, ó sì tì í pa.

Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn ọdún náà, àwọn ológun gbàjọba. Oṣù kìíní kò tíì parí tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í dín òṣìṣẹ́ kù. Orúkọ ń jáde lórí rédíò. Ẹni tó jí lọ síbi iṣẹ́ lówùúrọ̀ lè wá gbọ́ ní ìrọ̀lẹ́ pé òun kò níṣẹ́ mọ́. Oṣù yẹn gan-an ni wọ́n gba Edith, ọmọ Ìbẹ̀fun, ẹni ogún ọdún, gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, láti máa ran Bàbá Láàbù lọ́wọ́.

Mojí ìyàwó Albert gbọ́ ọ lọ́jà kí ọkọ rẹ̀ tó délé.

"Bàbá Walter, wọ́n ní ọmọge kan ti dé sí láàbù yín."

"Ó ti dé."

"Ṣé ó ní ìwé mẹ́wàá?"

"Ó ní in."

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

"O kò mọ ohun tí mo ní ni? Sítáńdáàdì Síìsì."

Mojí bu ọbẹ̀ sínú àwo. "Ẹ jẹ́ kó máa fọ ìgò o. Ẹ má kọ́ ọ títí tí yóò fi ní kí ẹ máa lọ sílé."

Ó fi ṣe ẹ̀rín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Nítorí náà Edith ń fọ ìgò. Iṣẹ́ ọnà àti ìmọ̀ Bíbélì ló kà jù ní ilé-ẹ̀kọ́. Kò ka kẹ́mísírì rárá. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ yá, ẹnu rẹ̀ sì yá. Bí Albert bá ti ń po ásíìdì, yóò rọra sún mọ́ ọn.

"Bàbá, kí lẹ ń pò yẹn, sà?"

"Ọbẹ̀ ni. Ṣé wàá jẹ?"

"Ẹ sáà kọ́ mi. Bí ẹ kò bá sí nílé lọ́jọ́ kan ńkọ́?"

"Níbo ni mò ń lọ? Àbí o ti gbọ́ orúkọ mi lórí rédíò?"

"Ẹ̀mí yín á gùn, sà! Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni mo wí. Ẹ jẹ́ n ka ìwé inú dúrọ́ọ̀ yẹn, èyí tí ẹ gbà ní Abẹ́òkúta. Ọ̀la ni n óò dá a padà."

"Oṣù mélòó lo ti lò níbí? Bí ó bá di ọdún kẹta, a óò jọ sọ̀rọ̀. Lọ bá mi gba ṣọ́ọ̀kì wá ní ọ́fíìsì."

Edith a máa rẹ́rìn-ín, a sì máa lọ. Bí ó bá fi máa padà dé, ásíìdì ti wà nínú ìgò.

Nígbà tí táàmù kejì ń parí lọ, Albert rántí fọ́ọ̀mù. Ó kọ orúkọ Edith síbi tí wọ́n ti bèèrè ẹni tí a kọ́, ó sì gbé e lọ bá pírínsípà, Ìyáàfin Helen Olúyọmí. Àwọn òbí kún ọ́fíìsì lọ́jọ́ náà. Pírínsípà kò kà á. Ó fọwọ́ sí i lórí orúnkún, ó ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá Sàlàkọ́."

Ní oṣù kẹfà, wọ́n pe àwọn òṣìṣẹ́ sí Abẹ́òkúta fún àyẹ̀wò. Gbogbo ènìyàn ló mọ ohun tí àyẹ̀wò yẹn túmọ̀ sí. Albert yọ sátífíkéètì lára ògiri, ó fi ìwé ìròyìn wé e, ó wọ mọ́tò ìdájí. Láti aago mẹ́jọ ló ti wà lórí ìlà. Nígbà tó kàn án, akọ̀wé tó jókòó sídìí tábìlì wo ojú rẹ̀, ó wo ìwé Sítáńdáàdì Síìsì rẹ̀, ó sì fa ojú ro. Albert tú ìwé ìròyìn. Akọ̀wé ka sátífíkéètì náà lẹ́ẹ̀mejì.

"Bàbá, ẹ lọ kọ́ọ̀sì?"

"Mo lọ, sà."

"Irú yín la ń wá." Ó fi bírò máàkì orúkọ rẹ̀.

Inú Albert dùn débi pé ó ra búrẹ́dì àti ẹja díndín jẹ ní gáréèjì, ohun tí kì í ṣe.

Lọ́jọ́ yẹn kan náà, ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, àgùnbánirọ̀ tó ń kọ́ kíláàsì karùn-ún ní kẹ́mísírì ránṣẹ́ sí láàbù pé òun fẹ́ ásíìdì tí a ti là. Edith ní Bàbá kò sí nílé. Àgùnbánirọ̀ ránṣẹ́ padà pé kí ó sáà bu omi là á, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Edith gbé ìgò ásíìdì líle sọ̀kalẹ̀. Ó da ásíìdì sínú ife gíláàsì, ó sì bu omi lé e lórí, bí ènìyàn ti í bu omi la ẹ̀kọ tó ki jù. Ohun tó wà nínú ife hó lójijì, ó sì fọ́n sókè. Ojú rẹ̀ ló bá.

Nígbà tí Albert sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò lẹ́nu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ nírọ̀lẹ́, àwọn ọmọbìnrin mélòó kan ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Wọ́n ti gbé Edith lọ sí ọsibítù. Ẹ̀yìn ọjọ́ kẹrin ni dókítà sọ pé ojú ọ̀tún yóò ríran. Ti òsì ti lọ.

Àwọn ọkùnrin méjì ti Abẹ́òkúta wá ṣe ìwádìí. Wọ́n jókòó sí ọ́fíìsì pírínsípà, fọ́ọ̀mù Albert sì wà lórí tábìlì níwájú wọn, orúkọ Edith nínú rẹ̀, ní ọwọ́ ìkọ̀wé Albert fúnra rẹ̀.

"Bàbá, ẹ kọ́ ọmọ yìí ní ohun tí ẹ kọ́ ní Abẹ́òkúta?"

Albert rí i pé bí òun bá ní rárá, fọ́ọ̀mù yẹn di irọ́, sátífíkéètì di ìwé lásán, orúkọ òun yóò sì jáde kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta ni. Walter ṣì wà ní ilé-ẹ̀kọ́.

"Mo kọ́ ọ, sà," ló wí. "Etí rẹ̀ ni kì í gba ìkìlọ̀."

Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lẹ́tà lọ sí Ìbẹ̀fun pé Edith ṣàìgbọràn sí ìkìlọ̀ ọ̀gá rẹ̀, pé òṣìṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ ni, àti pé ilé-ẹ̀kọ́ kò ní iṣẹ́ fún un mọ́.

Bí ọ̀rọ̀ náà bá parí síbẹ̀, bóyá Albert ì bá rí oorun sùn. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Àìkú kan, bí wọ́n ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, obìnrin àgbẹ̀ kan wọlé tọ̀ wọ́n wá pẹ̀lú odidi ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà lórí. Ó sọ ẹrù, ó sì kúnlẹ̀ síwájú Albert. Fáyọ̀kẹ́ ni, ìyá Edith.

"Bàbá, wọ́n ka lẹ́tà fún wa. Wọ́n ní ẹ kìlọ̀ fún un. Mo wá dúpẹ́ ni, mo sì wá tọrọ àforíjì. Láti kékeré ni mo ti ń sọ fún ọmọ yìí pé àgbà kì í sọ̀rọ̀ lásán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó wà lọ́kàn yín."

"Ẹ dìde, ìyá," ni Mojí ń wí. "Ẹ dìde. Ọlọ́run á tù yín nínú."

Nígbà tí Mojí sun ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà nírọ̀lẹ́, Albert kò fọwọ́ kàn án.

Ní ọjọ́ Ajé, ó lọ bá Ìyáàfin Olúyọmí, ó sì sọ òtítọ́ fún un ní ìdúró. Obìnrin náà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún, ó ń nù ún.

"Bàbá Sàlàkọ́, ta ló fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù yẹn?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Ẹ sì fẹ́ kí n kọ̀wé pé mo fọwọ́ sí irọ́. Ẹ̀yin á lọ, èmi á lọ, ojú ọmọ yẹn kò sì ní padà." Ohùn rẹ̀ kò le, bí ẹni tó rẹ̀ ló rí. "Ìdánwò àṣekágbá kù sí dẹ̀dẹ̀. Ẹ padà sí láàbù, ẹ jọ̀ọ́."

Ó padà sí láàbù. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Àbámẹ́ta ó wọ mọ́tò Ìbẹ̀fun.

Edith jókòó sórí àpótí níwájú ilé, ó ń bó ẹ̀gẹ́. Ó fi aṣọ funfun bo ojú òsì. Bí ó ti rí Albert, ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Ìyá mi wà lóko."

Albert jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ó ti to ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láti ilé, ṣùgbọ́n èyí tó jáde kò tò.

"Edith, mi ò kọ́ ọ."

"Mo mọ̀, sà."

"Kí ló dé tí o kò sọ?"

"Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo wà nígbà tí wọ́n wá. Nígbà tí lẹ́tà fi dé, wọ́n ti kọ ọ́ tán. Ọ̀rọ̀ yín àti ọ̀rọ̀ mi, èwo ni wọn ó gbà?" Ó mú ọ̀bẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó ẹ̀gẹ́ padà. "Kí ló yẹ kí n ṣe lọ́jọ́ yẹn, sà?"

"Omi ló yẹ kí o kọ́kọ́ bù sínú ife. Lẹ́yìn náà kí o wá rọra máa da ásíìdì sínú omi, díẹ̀díẹ̀, kí o máa rò ó. A kì í da omi lé ásíìdì."

Edith ń retí ìyókù. Kò sí ìyókù.

"Ó tán?"

"Ó tán."

"Ọdún mẹ́ta lẹ ní kí n fi dúró dè é."

Albert tẹ orí ba. Nígbà tó gbójú sókè, ó rí i pé ọ̀bẹ ń tàsé lára ẹ̀gẹ́, pé ọmọ náà ń fi àtàǹpàkò wá ibi tí yóò ti gé kí ó tó gé e. Ó na ọwọ́ láti gba ọ̀bẹ. Edith fa ọwọ́ sẹ́yìn.

"Ẹ fi í sílẹ̀, sà. Ìyá mi kò ní pẹ́ dé mọ́. Ojoojúmọ́ ló ń sọ fún mi pé etí mi ló le, ló fọ́ ojú mi. Ẹ dúró, kí ẹ sọ ọ́ fún un lẹ́nu ara yín."

"Bí ó bá gbọ́, yóò gbé e lọ sí ìgboro. Gbogbo ènìyàn ni yóò gbọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Mọ́tò Ìjẹ̀bú-Òde kan dúró lójú títì, awakọ̀ ń fọn fèrè, ó ń pe èrò. Albert wò ó títí ó fi lọ. Ó ká apá aṣọ rẹ̀, ó sì jókòó dáadáa sórí bẹ́ǹṣì, ó kọjú sí ọ̀nà oko.