Ológbò Ìyàwó Mi, Lódìkejì Kanáàlì

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ikú ìyàwó mi ni mo jáde lọ wá ológbò rẹ̀. Ọmọbìnrin wa tó ń gbé n'Íbàdàn ni kò jẹ́ kí n sinmi. Gbogbo ìgbà tó bá pè ló ń béèrè bóyá mo ti rí i. Mo ti sọ fún un pé ó sọnù. Kò sọnù. Èmi ni mo gbé e jù nù.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ológbò náà ò kúrò lẹ́nu ọ̀nà yàrá wa ní Ìsọlọ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, lásìkò tí ìyàwó mi máa ń fún un ní orí ẹja, á bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní irú igbe bẹ́ẹ̀ kò dáa nínú ilé tí òkú ti ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ṣe olùkọ́. Mi ò gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n mo fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ kẹ́wọ́. Igbe yẹn ni mi ò lè fara dà, nítorí ó ń ṣe ohun tí èmi ò lè ṣe.

Mo kì í sínú àpò ìrẹsì kó má baà mọ ọ̀nà, mo fi àpò náà pòòyì lẹ́ẹ̀mẹta bí àwọn àgbà ṣe máa ń ṣe, mo sì gbé e sọdá kanáàlì Òkè-Àfá lọ sí Èjìgbò. Wọ́n ní ológbò kì í sọdá omi padà wálé. Ẹ̀yìn ọjà ni mo ti tú ẹnu àpò. Mi ò wẹ̀yìn.

Ibẹ̀ náà ni mo padà lọ. Àlàájà kan tó ń ta ẹ̀wà àti gàrí ní òun mọ ológbò tí ọrùn rẹ̀ funfun. Látìgbà tó ti dé, eku ò já àpò òun mọ́. Lóòótọ́, orí àpò ẹ̀wà ló wà. Ó ti sanra.

“Ẹ pè é. Bó bá jẹ́ tiyín, á dá yín lóhùn.”

Mi ò pè é rí. Ìyàwó mi ló máa ń pè é. Mo na ọwọ́ sí i, ó kàn ń wò mí. Ni mo bá yọ àpò tí mo fẹ́ fi gbé e relé. Bí mo ṣe ṣí ẹnu rẹ̀, ó fò lọ há sẹ́yìn ẹsẹ̀ Àlàájà.

Obìnrin náà wo ọwọ́ mi. “Bàbá, orí àpò ló ń sùn lójoojúmọ́ níbí. Kí ló wá rí lára tiyín?”

Mo sọ òtítọ́ fún un. Ó ní nígbà tí ọkọ òun kú, ọjọ́ keje ni òun ti kó bàtà rẹ̀ fún ẹni tí òun ò mọ̀, àti pé títí di òní, ẹsẹ̀ èèyàn ni òun ń wò lójú títì.

“Ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ máa wá kí i. Orí ẹja ni kẹ́ ẹ mú dání, ẹ má mú àpò.”

Mo ti lọ lẹ́ẹ̀mẹta. Ìgbà tí mo bá jìnnà díẹ̀ ló tó máa ń jẹ ẹja náà.

Ọmọ mi pè lánàá, mo ní mo ti rí i. Ó sunkún ayọ̀, ó sì béèrè bó ṣe sọnù gan-an. Mo ní màá sọ fún un tó bá wálé. Ó ń bọ̀ ní Sátidé.