Ọlọ Inú Rófíà

Kì í ṣe ìtàn tí wọ́n sọ fún mi o. Ojú mi yìí ló rí i, ojú náà sì ni mo fi ń ṣiṣẹ́ jẹun. Ẹni tó bá fẹ́ kó pè mí ní wèrè. Mo ti pe ara mi bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀.

Ilé àyẹ̀wò kan ní Ẹ̀gbẹ́dá ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Tí dókítà bá gé nǹkan kúrò lára aláìsàn, èmi ni wọ́n ń gbé e wá fún. Màá fi ìda gbá a mú kó le, màá rẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ju awọ àlùbọ́sà lọ, màá tẹ́ ẹ sórí gíláàsì, màá sì rẹ ẹ́ láró kó lè hàn lábẹ́ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ọlọ inú ọmọdé kan ni mò ń wò. Abẹ́ ìhà òsì ló máa ń wà. Òun ló ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ bí a ti ń sẹ́ ògì, tó ń lọ èyí tó ti gbó dànù. Ọmọ náà ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde. Ẹ̀jẹ̀ dí mọ́ ọlọ inú rẹ̀, ikùn rẹ̀ wú, ni wọ́n bá yọ ọ́.

Ilẹ̀ pupa ló yẹ kí n rí, kí àwọn erékùṣù kéékèèké tó mu aró wà káàkiri inú rẹ̀, níbi tí àwọn ọmọ ogun ara ń gbé. Ẹ gbà mí gbọ́, ó máa ń rẹwà. Ṣùgbọ́n àkúnya ti gba ti ọmọ yìí. Ẹ̀jẹ̀ tó tẹ̀ bí dòjé kún gbogbo àlàfo, erékùṣù kò ju méjì mẹ́ta lọ. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an.

Ni ẹnì kan bá sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lẹ́yìn mi.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé tèmi nìyẹn?"

Ọmọbìnrin kékeré kan ni, ẹyinjú rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú. Mo rò pé ọmọ ọ̀kan nínú àwọn tó jókòó síta ni.

"Ta ló ní kó o wọlé? Ibí kì í ṣe ibi eré jàre."

"Mo fẹ́ gbà á ni, mà. Mi ò pé."

Mo na ọwọ́ láti mú un jáde. Ọwọ́ mi kò ba nǹkan kan. Ilẹ̀kùn sì wà ní títì. Èmi fúnra mi ni mo tì í látinú.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi kanlẹ̀kùn. Télọ̀ kan ni, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ránṣọ ní Ìkòtún. Ó ní Rófíà, ọmọ òun tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún, ti kú lóru àná. Àwọn ti sin ín láàárọ̀, bí àwa Mùsùlùmí ti ń ṣe, kí ìyá rẹ̀ tó rántí pé èyí tí wọ́n yọ ṣì wà lọ́dọ̀ wa.

"Ẹ dákun, Àǹtí. Ìyá ẹ̀ ò jẹ, ò mu. Ó ní báwo lọmọ òun ṣe máa pé dìde lọ́jọ́ Àlùkìyáámà?"

Mo kó gbogbo rẹ̀ fún un: èyí tó wà nínú ìgò, èyí tó wà nínú ìda, àti gíláàsì tó wà lábẹ́ awò. Ẹkún ni mò ń sun bí mo ti ń dì í. Wọ́n lọ sin ín tì í ní ìrọ̀lẹ́.

Àmọ́ gíláàsì kan ti lọ. Tí ọ̀ràn bá ta kókó, a máa ń fi ẹyọ kan ránṣẹ́ sí àgbà dókítà níbòmíràn kó bá wa wò ó. Àárọ̀ ọjọ́ náà ni mo fi tirẹ̀ ránṣẹ́. Mo ti wá a títí. Àwọn ọ̀hún ní àwọn ò rí i, pé bóyá ó ti fọ́.

Ìyá rẹ̀ wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní òun ti ń rí oorun sùn, torí ọmọ òun ti pé. Kí ni kí n sọ fún un?

Ẹ̀yin òbí, tí wọ́n bá gé nǹkan lára ọmọ yín, ẹ bèèrè rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má jẹ́ kó sùn síbẹ̀ o.

Lánàá, bí mo ṣe tẹjú mọ́ awò, Rófíà tún wá dúró lẹ́yìn mi. Kò bínú rárá.

"Àǹtí," ó ní, "ó ku díẹ̀."