Ọjọ́ Tí Mo Pa Bọ́ọ̀dù Àbúrò Mi

Bàbá wa kì í pe ọmọ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kíní, wàá gbọ́ orúkọ rẹ. Lẹ́ẹ̀kejì, ìgbátí ni. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, à á fi tòsì fà á mọ́ra. Ọwọ́ òsì ti bàbá wa, ṣòkòtò ló máa ń fi dì mú kó má baà já bọ́ nígbà tí ọ̀tún bá wà lẹ́nu iṣẹ́. Tó bá sì lù ẹ́ tán, ìwọ lo máa dọ̀bálẹ̀, ìwọ lo máa ní, "Ẹ má bínú." Nínú ilé wa ní Mushin, ẹni tí wọ́n gbá létí ló ń bẹ̀bẹ̀.

Bàbá ti kú. Ọwọ́ ọ̀tún yẹn ò kú, èmi ni mo jogún rẹ̀, àbúrò mi ọkùnrin ló sì ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ gbà á. Kì í ṣe ọmọdé o. Ó ti níyàwó, ó ti bímọ méjì, irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń hu funfun díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi ni ẹ̀gbọ́n, ẹ̀gbọ́n kì í sì í tọrọ àyè kó tó na àbúrò. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rò ó nígbà yẹn.

Ṣọ́ọ̀bù kan náà la jọ ń lò. Mo ń tún kọ̀ǹpútà ṣe níwájú, òun wà ní yàrá inú pẹ̀lú ẹ̀rọ ńlá tó ń fi òwú ya ọnà sí ọrùn agbádá àti ara fìlà. Ẹ̀rọ yẹn ò gbọ́ràn sí ẹlòmíràn lẹ́nu àfi kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan báyìí. Ihò tí wọ́n ń ki wáyà ẹ̀rọ náà bọ̀ kò sí lára kọ̀ǹpútà ìgbàlódé mọ́, gbogbo ọnà tí àbúrò mi ní ló sì wà lórí kọ̀ǹpútà yẹn. Bí kọ̀ǹpútà bá kú, iṣẹ́ rẹ̀ kú.

Díìsìkì inú rẹ̀, ibi tí àwọn ọnà náà wà gan-an, bẹ̀rẹ̀ sí í han bí ilẹ̀kùn tí kò lépo. Mo mú díìsìkì tuntun wá, bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà náà, pátákó inú tí gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ so mọ́, ò dá a mọ̀. Mo ní mo máa pààrọ̀ báyọ́ọ̀sì rẹ̀. Báyọ́ọ̀sì ni ìmọ̀ tó wà nínú ṣíìpù kékeré kan lára bọ́ọ̀dù, kò tóbi ju èékánná lọ, òun ló ń kọ́ kọ̀ǹpútà bó ṣe máa jí. Ẹni tó bá ń pààrọ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí iná ṣẹ́jú. Bí iná bá ṣẹ́jú láàárín iṣẹ́, kọ̀ǹpútà á gbàgbé bí wọ́n ṣe ń jí.

Àbúrò mi bẹ̀ mí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ náà, ó ṣì ń wọ́ọ̀kì. Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Mo ní, "Nínú èmi àti ẹ, ta ló mọ kọ̀ǹpútà?"

Jẹnẹrétọ̀ ló ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà, epo kún inú rẹ̀. Mo ní bátìrì kan tí ì bá gbé kọ̀ǹpútà náà dúró bí iná bá lọ, ṣùgbọ́n fáànù ni mo fi ń yí. Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé kí wọ́n má fọwọ́ kan iná. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, mi ò sọ ọ́.

Iṣẹ́ náà ti lé ní ìdajì nígbà tí àdúgbò pariwo pé wọ́n ti múná dé. Ẹni tó bá ti gbé Mushin rí mọ ohun tó kàn. Wọn kì í béèrè. Ẹni tó bá sún mọ́ ṣéńjófà, àpótí irin ara ògiri tí a fi ń yí iná kúrò lórí jẹnẹrétọ̀ sórí iná ìjọba, á sáré fà á, nítorí epo ń jó. Àbúrò mi sáré jáde láti inú, ó fà á. Kà! Gbogbo yàrá ṣókùnkùn ìwọ̀n ìgbà téèyàn fi ń mí lẹ́ẹ̀kan. Iná padà. Fáànù inú kọ̀ǹpútà ń yí, ojú rẹ̀ dúdú kirikiri.

Ọwọ́ mi ti gbéra kí n tó mọ̀ pé mo ti dìde. Mo gbá a létí òsì, mo fi gbogbo ara gbá a. Orí rẹ̀ kọlu ògiri. Kò tíì nàró tán tí mo fi gbá a lẹ́ẹ̀kejì síbi kan náà, mo dì í lọ́rùn ẹ̀wù, mo ń mì ín, mo ń bú ìyá tó bí àwa méjèèjì. Àbúrò mi lágbára jù mí lọ. Kò gbé ọwọ́ sókè. Ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín kan yọ létí rẹ̀, ó ń ṣàn lọ sọ́rùn. Ìyàwó rẹ̀ tó sáré jáde láti yàrá inú ló fi ara rẹ̀ wọ àárín wa, ó ń ké pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa pa á! Ẹ ti pa á!"

Òun ló gbé e lọ sílé ìwòsàn ní Ìdí-Àràbà. Èmi ò bá wọn lọ. Mo dúró ti bọ́ọ̀dù. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ló rí.

Dókítà ní awọ inú etí ti ya, pé ó lè dí fúnra rẹ̀, ó sì lè má dí. Nígbà tí wọ́n dé, òwú wà létí àbúrò mi. Ó dọ̀bálẹ̀ níwájú mi lórí sìmẹ́ǹtì ṣọ́ọ̀bù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Mi ò mọ̀ pé ẹ ń ṣe nǹkan lọ́wọ́." Inú mi bàjẹ́ débi pé ó tún ń ṣe mí bíi kí n lù ú, kó lè dìde. Láti ọjọ́ yẹn, mo pinnu pé bọ́ọ̀dù yẹn gbọ́dọ̀ jí. Mo gbà pé bó bá jí, ìgbátí yẹn náà á di ohun àná, gbogbo nǹkan á padà sí bó ṣe wà.

Ohun tí mo nílò ni bọ́ọ̀dù mìíràn tó ń lo irú ṣíìpù kan náà, kí n fi kọ báyọ́ọ̀sì tuntun sínú ṣíìpù tó kú. Mo wá a fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nítòsí ojú irin ní Ìdó, àwọn kan ń fi òòlù fọ́ àlòkù kọ̀ǹpútà láti yọ bàbà inú wọn. Ibẹ̀ ni mo ti rí ọ̀kan, òòlù ti wà lókè rẹ̀. Dípò kí n kí ọkùnrin tó di òòlù náà mú, mo já a gbà. Ó ní, "Orí ẹ dàrú ni?" Mo tì í. Ó fẹ̀ ju ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù wa lọ, ṣùgbọ́n ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ gbá mi lẹ́nu, eyín mi kan mì. Mo fi orí kàn án nímú. A ṣubú sáàárín irin, ó ń da ẹ̀ṣẹ́ bò mí níhà, mo ṣì di bọ́ọ̀dù mọ́ àyà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló là wá. Nígbà tí mo ṣàlàyé tán, ó nu ẹ̀jẹ̀ imú rẹ̀, ó ní, "Ṣé o ò lẹ́nu tí o fi lè sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni?" Ó ní kí n máa gbé e lọ.

Lọ́jọ́ kejì, mo tan jẹnẹrétọ̀, mo so bátìrì mọ́ kọ̀ǹpútà. Mo ní kí àbúrò mi dúró ti ṣéńjófà, kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ ọn. Mo bi í pé etí ńkọ́. Ó ní, "Ó ti ń sàn, ẹ̀gbọ́n."

Mo ti fi òwú pupa kan lára òwú ọnà rẹ̀ so abẹ́ ṣíìpù tó dáa lára bọ́ọ̀dù Ìdó. Nígbà tí bọ́ọ̀dù Ìdó jí tán, mo fa òwú, mo yọ ṣíìpù yẹn lójú iná, mo ki èyí tó kú bọ ihò rẹ̀. Bí ọwọ́ mi bá gbọ̀n, méjèèjì á jó. Mo ní kí kọ̀ǹpútà máa kọ báyọ́ọ̀sì sínú rẹ̀. Àfi bí ẹni pé wọ́n ń dán wa wò, àdúgbò pariwo iná. Aládùúgbò kan yọjú, ó ní, "Ẹ fà á, epo ń jó!" Àbúrò mi fi ọwọ́ méjèèjì bo àpótí náà, ó ní, "Ẹ má fọwọ́ kàn án o!"

Ó parí. Mo ké sí i pé kó yí iná. Mo ké lẹ́ẹ̀mejì, mo rò pé ariwo jẹnẹrétọ̀ ni. Ó wo ẹnu mi, ó yí i, mo pa jẹnẹrétọ̀. Ó tún kọjú sí ògiri, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí àpótí, etí ọ̀tún sí fèrèsé, etí òsì sí mi. Mo fi ṣíìpù sára bọ́ọ̀dù rẹ̀. Mo tẹ ibi tí wọ́n fi ń tan kọ̀ǹpútà náà.

Píìn. Ohùn kékeré kan ṣoṣo, èyí tí kọ̀ǹpútà fi ń sọ pé òun ti jí. Kò ju ẹsẹ̀ mẹ́ta lọ sí ibi tí àbúrò mi dúró sí. Ìyàwó rẹ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀nà gbọ́ ọ, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Kò wo kọ̀ǹpútà. Ọkọ rẹ̀ ló ń wò.

Àbúrò mi ò yíjú. Ó dúró gbọn-in ti àpótí rẹ̀, ó ń dúró.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ṣé kò tíì jí ni? Ẹ má bínú."