Wúrà tí ìyá onílé mi tà

Òkú ìràwọ̀ méjì ló là mí lẹ́nu lónìí.

Láti ìgbà tí mo ti wá kàwé ní Ẹdẹ, ìkíni nìkan ló ń pa èmi àti ìyá onílé mi pọ̀.

Mo ní, "Mà, olùkọ́ wa ní bí òkú ìràwọ̀ méjì bá forí gbárí, wúrà á jáde. Ìtànṣán gámà, ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò lè rí, tó ń yọ níbẹ̀ ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì lè fi mọ̀."

Ìyá onílé rẹ́rìn-ín. "Àṣé o lẹ́nu! Nígbà ìjọba ológun tí nǹkan le, mo ta yẹtí wúrà ìgbéyàwó mi kí n lè bímọ sí ọsibítù. Mo sọ ọmọ náà ní Wúrà."

"Àǹtí Wúrà dà, mà?"

"Ìlú òyìnbó. Jókòó, bá mi jẹun."

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ta ló ń jẹ́ orúkọ ohun tí ìyá rẹ̀ tà?