Súwẹ́tà Ilé Wa Lójú Àwọn Télọ̀

Bọ́tìnnì ni mo ń tà ní Sabon Gari, pẹ̀lú òwú àti síìpù. Àwọn télọ̀ ló pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà mi. N kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ àwọ̀. Bí télọ̀ bá mú ègé aṣọ wá, mo lè fa òwú tó bá a mu yọ nínú páálí láìwò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Àbígbẹ̀yìn mi obìnrin lọ kọ́ iṣẹ́ aṣọ ní Èkó lẹ́yìn tó jáde ní yunifásítì níbí ní Zaria. Lọ́dún yìí wọ́n mú un mọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí yóò gbé àrà tuntun jáde níbi ọ̀sẹ̀ àfihàn aṣọ kan níbẹ̀. Kò sọ irú aṣọ tó rán fún mi, ó ní kí n ṣáà máa wò ó lórí fóònù. Èmi tí n kì í fọ́nnu, mo fọ́nnu. Kò sí télọ̀ tó ra òwú lọ́wọ́ mi lọ́sẹ̀ náà tí n kò sọ fún. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán ọjọ́ tó kàn án, wọ́n ti gbé àga wọn wá síwájú ṣọ́ọ̀bù mi.

Àgbàlagbà kan wà nínú wọn, ará Ìlọrin, tó ti ń rán agbádá ní Sabon Gari kí n tó débẹ̀. Bàbá Alágbádá là ń pè é. Ẹni tó ni fóònù tí a fi ń wò ó jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin Hausa kan tó ń rán aṣọ obìnrin ní Tudun Wada. Yorùbá rẹ̀ já gaara ju ti àwọn ọmọ mi lọ.

Aṣọ àwọn ẹlòmíràn ló kọ́kọ́ jáde. Ọmọge kan wọ èyí tí apá rẹ̀ fẹ̀ bí agboòrùn.

"Eléyìí ò lè bá èèyàn wọ kẹ̀kẹ́," ni ọmọ Hausa náà wí. "Òun nìkan ló máa gba gbogbo ẹ̀yìn."

Ẹlòmíràn jáde nínú aṣọ bí àwọ̀n, etí rẹ̀ já wálẹ̀ lápá kan.

Bàbá Alágbádá sún mọ́ fóònù. "Ṣé wọ́n ti rán ìyẹn tán ni, àbí wọ́n ṣì ń wọ̀n ọ́n?"

"Wọ́n ti rán an tán, Bàbá. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀ ọ́."

"Haba. Bó bá jẹ́ èmi ni mo rán an báyìí, oníbàárà á ti mú mi lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá."

Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni orúkọ ọmọ mi hàn lára ògiri ibi àfihàn náà, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, ọmọge àkọ́kọ́ sì jáde.

Ó ró ìró mọ́ àyà, ó wọ súwẹ́tà ọkùnrin lé e. Ó wọ ìbọ̀sẹ̀ sínú sílípáàsì onírọ́bà, ó fi ìborùn di etí méjèèjì bí ẹni tí ọyẹ́ ń bá jà. Bọ́tìnnì súwẹ́tà náà kò bára mu. Dúdú ló wà lókè, lẹ́yìn rẹ̀ aláwọ̀ wúrà, lẹ́yìn rẹ̀ funfun ti ṣẹ́ẹ̀tì, lẹ́yìn rẹ̀ ńlá kan ti kóòtù, pupa kékeré ti aṣọ ọmọdé sì wà nísàlẹ̀. Bí mo ṣe tò wọ́n gan-an nìyẹn.

Ọkọ mi ló ni súwẹ́tà tí ọmọ mi wò rán eléyìí. Nígbà tí ilé iṣẹ́ aṣọ tó ń bá ṣiṣẹ́ ní Kàdúná kógbá wọlé, a kò ra aṣọ mọ́ nílé wa. Bí bọ́tìnnì bá já, èyí tí mo bá gbá nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ni mo ń rán síbẹ̀, torí èyí tó wà lórí páálí, títà ni. Lẹ́yìn tí ọkọ mi kú, èmi ni mò ń wọ̀ ọ́ nígbà ọyẹ́. Ṣùgbọ́n inú ilé ni. Bí ẹnikẹ́ni bá kanlẹ̀kùn, mo ti bọ́ ọ kí n tó ṣí i. Aṣọ tí mo ń wọ̀ lọ sí ọjà àti ṣọ́ọ̀ṣì, mo lọ̀ ọ́, ó mọ́, ó pé. Mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún rí i dájú pé kò sẹ́ni tó mọ bí a ṣe wà.

Ọmọ Hausa náà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Mama, ẹni tó ta bọ́tìnnì fún ọmọ yín yìí, ó rẹ́ ẹ jẹ o."

"Kì í ṣe ọ̀dọ̀ ìyá ẹ̀ ló ti rà á," ni ẹlòmíràn fèsì, gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Etí mi gbóná.

Ọmọge tó jáde kẹ́yìn wọ síkẹ́ẹ̀tì yunifọ́ọ̀mù, búlúù, tí a fi búlúù mìíràn rán mọ́ nísàlẹ̀. Ọmọ mi ń ga nígbà náà, ní ilé ìwé sẹ́kọ́ńdìrì. Mo tú ìṣẹ́tí síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ títí kò fi kù mọ́, mo wá rán ègé aṣọ mìíràn mọ́ ọn. Àwọ̀ rẹ̀ kò bá a mu, èmi tí mo mọ àwọ̀ sì mọ̀. Mo sọ fún un pé kò sẹ́ni tó máa rí i. Kò jiyàn, ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ. Mo gbà pé òun fúnra rẹ̀ kò kíyè sí i.

Lórí fóònù, ègé náà gùn ju bí mo ṣe rán an lọ. Ó ń wọ́ nílẹ̀ tẹ̀lé ọmọge náà.

"Síkẹ́ẹ̀tì yìí ń gbálẹ̀ fún wọn," ni ẹnì kan wí.

Àfihàn náà parí, wọ́n ṣì ń sọ ọ́ láàárín ara wọn pé síkẹ́ẹ̀tì ń gbálẹ̀ nígbà tí fóònù mi dún, tí mo sì gbé e.

"Màmi, ẹ kú ọjà. Ṣé ẹ rí i?" Ẹ̀mí rẹ̀ ń lọ sókè sódò. "Àwọn èèyàn ń bi mí ibi tí mo ti rí àrà náà. Mi ò tíì dá wọn lóhùn. Mo fẹ́ gbọ́ tẹnu yín ná."

Àwọn télọ̀ ń wò mí. Mo ní, "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa níbí. Mi ò rí i."

Ó ní, "Kò burú, Màmi. Màá fi fídíò ẹ̀ ránṣẹ́."

Ó fi ránṣẹ́ lóòótọ́, n kò ṣí i. Bàbá Alágbádá ló wá bá mi lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ní òun fẹ́ òwú funfun. Ó gbà á tán, kò lọ.

"Ìyá Olówùú, ẹ parọ́ fọ́mọ níṣojú wa."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Aṣọ ilé wa ló gbé síta."

"Mo mọ̀ ọ́n. Ọkọ yín wọ súwẹ́tà yẹn wá sọ́dọ̀ mi nígbà kan, ó ní kí n kọ́ òun níṣẹ́ ìránṣọ. Àgbàlagbà bíi tèmi. Bọ́tìnnì ẹ̀ ni mo ń wò, kí n má baà wo ojú ẹ̀."

Ọkọ mi kò sọ ọ́ fún mi rí. Mo bi í pé ta ló tún mọ̀.

"Nínú ọjà yìí? Ta ni kò mọ̀?"

Nígbà tí mo délé, mo pe ọmọ mi.

"Mo parọ́ fún ẹ. Mo rí i."

"Mo mọ̀, Màmi. Mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé síkẹ́ẹ̀tì ń gbálẹ̀."

"Ojú ló tì mí."

"Torí súwẹ́tà?"

"Torí síkẹ́ẹ̀tì. Ṣé wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ nílé ìwé?"

Mo ń retí kó sọ pé rárá.

"Wọ́n fi ṣe é."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Ẹ̀ bá tú u, Màmi. Kò sì sí òmíràn."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n má bẹ òun, pé kì í ṣe torí kí n lè bẹ̀bẹ̀ lòun ṣe rán an. Mo ní kó jẹ́ kí n bẹ̀ ẹ́. Ó jẹ́ kí n bẹ̀bẹ̀ tán.

Nígbà tó yá, ó bèèrè ohun tí òun máa sọ fún àwọn tó ń bi òun ibi tí òun ti rí àrà náà.

"Sọ pé ìyá ẹ ni," mo ní. "Èyí tó ń ta bọ́tìnnì."

Ojú ṣì ń tì mí bí mo ṣe ń sọ ọ́.