Àwẹ̀ró àti Ajá Ẹlẹ́sẹ̀ Kíká

Ẹni tó bá ń wá ẹni tí yóò yin Àwẹ̀ró fún un, kó kọjá lọ́dọ̀ mi. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni. Ọdún mẹ́sàn-án la fi jọ gbé nínú ilé bàbá wọn ní Kokomlemle nílùú Accra, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ dojú kọ tèmi, n kò sì rántí ọjọ́ kan tí inú mi yọ́ sí i. Ó ga, ó gbẹ, kì í rojọ́. Bí ènìyàn bá bú u, á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ìyẹn ló máa ń bí mi nínú jù.

Kọ́sẹ́ẹ̀tì ló ń rán lọ́jà Makola. Kábà tí àwọn ìyàwó Accra ń wọ̀ ṣègbéyàwó lóde òní, èyí tó fún àyà àti ìbàdí pinpin, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló ti ọwọ́ rẹ̀ jáde. Ọ̀pá oníke pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n ń rán sínú aṣọ náà kó má baà wó, bónù làwọn aránṣọ ń pè é. Ibi gbogbo tí Àwẹ̀ró bá ti jókòó lẹ ó ti bá bónù, títí kan orí ẹní tó fi ń kírun.

Ọkọ tó fẹ́ ẹ ní Kumasi ló kọ̀ ọ́ sílẹ̀ nítorí pé kò bímọ, ló bá padà sílé bàbá rẹ̀. Dálémosú là ń pè é lẹ́yìn. Òun nìkan ló ni yàrá tó tóbi jù lẹ́yìnkùlé, nígbà tí èmi àti Ṣàkírù ọkọ mi àti ọmọ mẹ́rin há mọ́ inú yàrá kan. Kò sì sẹ́ni tó lè lé e. Wọ́n lé bàbá wọn kúrò ní Ghana lọ́dún 1969 pẹ̀lú àwọn ará Ọ̀ffà ẹgbẹ́ rẹ̀, ó tún padà wá, kó tó kú ló sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lé ọmọ òun kan jáde nínú ilé yìí. Nítorí náà mò ń fẹ́ yàrá náà, mo sì ń dákẹ́.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan lọ́dún tó kọjá, Àwẹ̀ró lọ wọn aṣọ fún ọmọ obìnrin kan tó ń yan ẹja ní Jamestown. Nídìí ààrò ló ti rí àwọn ọmọdé tí wọ́n so okùn mọ́ ọmọ ajá kan lọ́rùn, tí wọ́n ń wọ́ ọ kiri, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ajá náà kò lè rìn. Ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ méjèèjì ti ká sínú, ọrùn ẹsẹ̀ ló fi ń wọ́ nílẹ̀, ibẹ̀ sì ti bó. Àwẹ̀ró gba okùn lọ́wọ́ wọn, ó gbé ajá sínú àpò aṣọ, ó wọ ọkọ̀ èrò tro-tro wá sílé.

Abọ́ ni mò ń fọ̀ lágbàlá nígbà tó gbé e kọjá. Ajá yọ imú síta, ó sì lá etí abọ́ mi kan. Ẹ̀ẹ̀méje ni mo fọ abọ́ náà, bí ẹ̀sìn wa ṣe ní ká fọ ohun tí ajá bá lá, mo fi iyanrìn fọ ti àkọ́kọ́, mo sì ń kà á sókè kí gbogbo ilé lè gbọ́. Kí n tó dé ẹ̀ẹ̀karùn-ún, gbogbo wọn ti jáde.

"Àǹtí, ajá lẹ gbé wọlé àwa tá à ń kírun?" mo ní.

"Ọmọ ajá ni, ìyàwó wa. Ẹsẹ̀ ń dùn ún."

"Ẹsẹ̀ ń dun èmi náà. Kò sẹ́ni tó gbé mi sínú àpò."

Àwọn tó dúró rẹ́rìn-ín. Ó wọlé, ó sì rọra ti ilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ kejì ó gbé ajá lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran. Dókítà ní iṣan ẹsẹ̀ ló sún kì, egungun rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Bí wọ́n bá dè é kó nà, tí wọ́n sì ń fi ọwọ́ fà á lójoojúmọ́, ó lè tọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Bó bá dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, bó ṣe máa wà títí láé nìyẹn.

Èmi kò fi àkókò ṣòfò. Mo lọ bá Alhaji Mísbáù, àkọ́bí wọn, tó jẹ́ olórí ilé. Mo ní màláíkà kì í wọ ilé tí ajá bá wà, ìrun wa ti fẹ́ bàjẹ́. Ènìyàn burúkú kọ́ ni Alhaji, àmọ́ ó fẹ́ràn kó máa dá ẹjọ́. Nírọ̀lẹ́ ó pe gbogbo wa jọ.

"Ajá tó ń ṣọ́ ilé, ẹ̀sìn fàyè gbà á," ó ní. "Ṣùgbọ́n èyí tí kò lè dìde, Àwẹ̀ró, kí ni yóò ṣọ́?"

"Yóò dìde, Ẹ̀gbọ́n."

"Ìgbà wo?"

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà."

"Ó dáa. Ní Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ kẹfà, tá a bá ti mọ́ṣáláṣí dé, bó bá fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rìn láti ẹnu ọ̀nà rẹ dé ìdí ẹ̀rọ omi, kó máa gbé. Bí kò bá lè ṣe é, kó jáde."

"Tó bá jáde, èmi náà á bá a jáde," Àwẹ̀ró dáhùn.

Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ìrẹsì sórí iná, ó sì jóná. Mo ti ń ro ibi tí bẹ́ẹ̀dì àwọn ọmọ yóò wà nínú yàrá náà.

Ohun tí Àwẹ̀ró rán fún ajá yẹn, kí n má purọ́, n kò rí irú rẹ̀ rí. Kọ́sẹ́ẹ̀tì kékeré méjì ni, ó fi owú tẹ́ inú rẹ̀, ó ti bónù mẹ́rin mẹ́rin bọ inú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì fi okùn dì í lẹ́yìn bó ṣe ń di ti ìyàwó. Láràárọ̀ á tú u, á fi òróró pa ẹsẹ̀ náà, á máa fà á díẹ̀díẹ̀, ajá á máa ké, òun náà á máa bá a sọ̀rọ̀. Á dì í padà, á gbé e sínú apẹ̀rẹ̀ lọ sọ́jà. Jímọ̀ ló rí i, ló bá ń pè é ní Kofi, orúkọ tí àwọn ará Ghana ń sọ ọmọkùnrin tí wọ́n bí lọ́jọ́ Jímọ̀. Alhaji ní òun kò fẹ́ gbọ́ orúkọ yẹn, Àwẹ̀ró sì ń pè é bẹ́ẹ̀ lọ.

Ilé kò fún Àwẹ̀ró nísinmi. Zuweira ìyàwó Alhaji á da omi olóògùn apakòkòrò sí ọ̀nà tó bá gbà kọjá. A yọ korobá rẹ̀ kúrò lára tiwa nídìí ẹ̀rọ. Ọbẹ̀ tó sè, a kò jẹ. Tiwa, a kò bù fún un mọ́. Bó bá kí wa láàárọ̀, a ó ṣe bí ẹni pé ọwọ́ wa dí. Ṣàkírù ọkọ mi nìkan ló ń dá a lóhùn, mo sì ń bá a jà lórí ẹ̀.

Lọ́sẹ̀ kẹrin, mo yọjú lójú fèrèsé, mo rí ajá náà tó dìde. Ó gbọ̀n, ó dúró díẹ̀, ó ṣubú. Àwẹ̀ró fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ń sunkún. Ẹ̀rù bà mí. Mo mọ̀ nígbà yẹn pé yàrá náà ti ń bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ní Wẹ́sídeè ọ̀sẹ̀ karùn-ún, Àwẹ̀ró ní ìyàwó kan wà tí òun fẹ́ gbé aṣọ fún ní Tema, òun kò lè gbé ajá dání. Ó fi í sínú apẹ̀rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Bó ti jáde, mo lọ síbẹ̀, mo tú okùn méjèèjì, mo fa kọ́sẹ́ẹ̀tì yọ. Ajá lá ọwọ́ mi. Mi ò fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀méje lọ́jọ́ yẹn. Mo kàn nù ún mọ́ ìró. Mo gbé e sílẹ̀ lórí símẹ́ńtì. Àárọ̀ títí di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ló fi wọ́ kiri, ó ń wá Àwẹ̀ró. Nígbà tí mo padà dé ibẹ̀, ẹsẹ̀ ti ká padà, ẹ̀jẹ̀ sì wà nílẹ̀. Mo nu ẹ̀jẹ̀, mo di kọ́sẹ́ẹ̀tì padà, mo sì lọ jókòó.

Ohun tí n kò mọ̀ ni pé aránṣọ kì í di okùn kọ́sẹ́ẹ̀tì láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Wọ́n á dì í láti òkè wá, wọ́n á dì í láti ìsàlẹ̀ wá, àárín ni wọ́n ti ń so ó. Èmi so ó lókè bí okùn bàtà.

Àwẹ̀ró dé, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo okùn náà. Ó fi ìka kan ibi tí mo so ó sí.

"Ìyàwó wa, ta ló wá síbí?"

"Mi ò rí ẹnì kankan."

Ó gbé ajá wọlé. Egbò náà kò jẹ́ kó lè di ẹsẹ̀ fún odidi ọjọ́ mẹ́ta. Ọwọ́ ló fi ń dì í mú kó nà, tọ̀sán-tòru, kò lọ sọ́jà. Mò ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti yàrá mi, mo sì ń bínú sí i pé kò bú mi.

Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ kẹfà dé. Àwọn ọkùnrin ti mọ́ṣáláṣí dé, wọ́n jókòó lágbàlá pẹ̀lú fìlà lórí. Àwẹ̀ró gbé Kofi sí ẹnu ọ̀nà, ó tú kọ́sẹ́ẹ̀tì, ó sì lọ dúró nídìí ẹ̀rọ omi. Kò pè é. Ajá náà wo gbogbo wa. Ó dìde, ẹsẹ̀ ọ̀tún tọ́, ti òsì ṣì wọ́ díẹ̀. Ó ṣubú nígbà kan níwájú Zuweira, ó dìde, ó rìn títí tó fi gbé orí lé ẹsẹ̀ Àwẹ̀ró.

"Ó rìn," Alhaji ní. "Kó máa gbé. Ọ̀rọ̀ ti parí."

"Ẹ ṣeun, Ẹ̀gbọ́n," Àwẹ̀ró dáhùn. "Lọ́la ni a ó kó lọ."

Ṣàkírù dìde. "Kí ló dé? Ẹ ti borí."

"Ẹnì kan nínú ilé yìí tú ẹsẹ̀ ajá mi nígbà tí mi ò sí ńlé. Mo lè bá ẹni tó kórìíra mi gbé, mo ti ń bá wọn gbé láti ọjọ́ pípẹ́ wá. Ẹni tó lè fi ẹran aláìlẹ́ṣẹ̀ gba ẹ̀san lára mi, mi ò lè sùn lẹ́bàá onítọ̀hún." Kò wo ọ̀dọ̀ mi. Gbogbo àwọn tó kù ló wò mí.

Ọkọ mi bi mí nínú yàrá bóyá èmi ni. Mo ní èmi kọ́. Kò bi mí mọ́ láti ọjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni kò jókòó tì mí jẹun mọ́.

Mo rí yàrá gbà. Àwọn ọmọ ń sùn níbẹ̀, ààyè wà fún wọn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, ara mi kò gbà á mọ́, mo wọkọ̀ lọ sí Makola. Mo pinnu láti kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Kofi wà lábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ti tóbi. Ó dìde, ó dúró láàárín èmi àti ìyá rẹ̀, kò gbó, kò sì kúrò. Mo dúró síbi tí mo wà.

Àwẹ̀ró gbójú sókè. "Ẹ káàbọ̀, kọ́sítọ́mà. Kí lẹ fẹ́ rán?"

N kò kúnlẹ̀ mọ́. Mo ní kábà ni. Ó fi ẹsẹ̀ rọra ti ajá sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó mú téèpù, ó wọn àyà mi, ó wọn ìbàdí mi, ọwọ́ rẹ̀ tutù. Ó ṣí ìwé, ó kọ gbogbo ìwọ̀n náà, ó sì dá bírò dúró.

"Kí lorúkọ yín?" ó bi mí.

"Sherifa," mo ní. Ó kọ ọ́ sílẹ̀.